Èsì: Ṣé òfin ìbọn tó le ń dín ìpànìyàn kù?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ṣé bí ìjọba bá mú òfin ìbọn le sí i, ìpànìyàn yóò dín kù ní Rẹ́mọ. Ibi tí ìbọn ti ń wá ló máa sọ.

Lọ́dún 2007, ìpínlẹ̀ Missouri ní Amẹ́ríkà fagi lé ìwé àṣẹ téèyàn ń gbà kó tó ra ìbọn ìléwọ́. Ìfìbọn-pànìyàn lọ sókè níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ra ìbọn ní ilé ìtajà lọ́hùn-ún, nítorí náà ìwé àṣẹ ní ohun tó máa dì mú.

Tiwa yàtọ̀. Òfin Ìbọn Nàìjíríà ti 1959 ti le tó: láìsí àṣẹ Ààrẹ, ẹni tí wọ́n bá ká ìbọn ìléwọ́ mọ́ lọ́wọ́, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kì í dín ní ọdún 10. Kódà ṣakabùlà ọdẹ Ìjẹ̀bú-Igbó ń gba ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ní Ṣágámù kì í tọ ọ̀nà ìwé (ta ni yóò fún un?). Ọwọ́ alágbẹ̀dẹ tàbí onífàyàwọ́ ló ti ń rà á. Ẹ mú ìwé àṣẹ le sí i, ọdẹ nìkan lẹ ni lára.

Ọta ni kí wọ́n dojú kọ. Ìbọn alágbẹ̀dẹ kì í ní nọ́ńbà tí wọ́n lè tọpa, àmọ́ ilé iṣẹ́ ló sábà máa ń ṣe ọta rẹ̀, àmì ilé iṣẹ́ náà sì sábà máa ń wà ní ìdí ọta. Bí ọlọ́pàá bá ṣa èèpo ọta níbi ìṣẹ̀lẹ̀ kí èrò tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tí wọ́n kọ àmì náà sílẹ̀, ó lè ràn wọ́n lọ́wọ́ láti wá ẹni tó ń tà á kàn.