Wọ́n fi òòlù lu orúnkún mi, ẹsẹ̀ mi kò ta: ṣé iṣan mi ti kú ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ẹni ọdún 46 ni mí. Ẹ̀yìn tó ń dùn mí ni mo tìtorí rẹ̀ lọ ṣe àyẹ̀wò. Dókítà tó yẹ̀ mí wò ní kí n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó wá fi òòlù kékeré onírọ́bà lu abẹ́ orúnkún mi. Ẹsẹ̀ kò mira rárá, àtọ̀tún àtòsì. Ó kọ nǹkan sínú ìwé, kò sì ṣàlàyé kankan. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti ń bà mí pé iṣan ẹsẹ̀ mi ti kú. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọwọ́ mi kan áyọ́ọ̀nù gbígbóná, mo sì ti fà á kúrò kí n tó mọ̀ pé ó jó mi. Bí iṣan mi bá ń kú lóòótọ́, báwo ni ọwọ́ mi ṣe yára tó bẹ́ẹ̀? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lóye.

Ìdáhùn: Ẹ fọkàn balẹ̀ ná. Ẹsẹ̀ tí kò ta nígbà tí wọ́n lu orúnkún kì í ṣe àrùn fúnra rẹ̀. Àwọn kan wà tí ara wọn dá ṣáṣá, tí orúnkún wọn kì í sì í ta. Ó dùn mí pé wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé láìsọ ohun tó túmọ̀ sí fún yín, torí àlàyé ìṣẹ́jú méjì péré ni ì bá ti gbà yín lọ́wọ́ ìbẹ̀rù yìí.

Ọ̀rọ̀ náà “iṣan” gan-an wà lára ohun tó ń dẹ́rù bà yín. A máa ń fi pe òpó tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, a máa ń fi pe ẹran tó ń sún kì tó sì ń dẹ̀ kí a lè rìn, a sì tún máa ń fi pe àwọn okùn tín-ín-rín tó ń jíṣẹ́ káàkiri ara. Ti ìkẹta yìí ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. Ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní iṣan ojíṣẹ́. Bí ìbejì ni wọ́n ṣe ń jáde, ọ̀kan sí ọ̀tún, ọ̀kan sí òsì: ìbejì 12 láti ọpọlọ, ìbejì 31 láti ara okùn mùdùnmúdùn tó wà nínú eegun ẹ̀yìn. Nínú ti ẹ̀yìn, àwọn fọ́nrán kan ń mú ìròyìn wọlé, àwọn mìíràn ń gbé àṣẹ jáde.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ áyọ́ọ̀nù yẹn. Ìka kàn án, ìròyìn ooru gba apá wọlé, ó dé okùn ẹ̀yìn níbi ọrùn. Kò dúró gbàṣẹ lọ́wọ́ ọpọlọ. Níbẹ̀ gan-an ni fọ́nrán tó mú ìròyìn wá ti fà á lé àwọn alárinà lọ́wọ́, àwọn alárinà fà á lé fọ́nrán àṣẹ lọ́wọ́, ẹran tó ń ká apá kò sì ṣe méjì, ó fà. Lẹ́sẹ̀ kan náà, wọ́n ti sọ fún ẹran tó ń na apá pé kó dẹwọ́, kí àwọn méjèèjì má baà máa figa gbága. Ìròyìn náà ń gòkè lọ sí ọpọlọ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ìgbà tó fi máa débẹ̀, ọwọ́ ti kúrò. Ìyẹn ni ẹ fi kọ́kọ́ rí i pé ọwọ́ fò, kí ẹ tó mọ ìrora.

Ìrora pàápàá kì í gba ọ̀nà kan. Fọ́nrán tó ń ròyìn bí ẹran ara ṣe ń nà lè sáré tó mítà 80 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn tó ń gbé ìrora tó mú ṣáṣá kò yára tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń gbé èyí tó ń jó ni lábẹ́lẹ̀, tí kì í tètè lọ, kì í sábà ju mítà 2 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó bá fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ gbá ẹsẹ̀ tábìlì rí á mọ̀ ọ́n: ọ̀kan á ta wìì, á dákẹ́ díẹ̀, ìkejì tó burú jù á wá wọlé.

Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ló tẹ ìṣó, nǹkan kan tún ń ṣẹlẹ̀ tó máa ń wú mi lórí títí dòní. Bí okùn ẹ̀yìn ṣe ń gbé ẹsẹ̀ tó farapa sókè, ó ń ránṣẹ́ sí ẹsẹ̀ kejì pé kó le gbagidi, kí ẹ má baà ṣubú. Ìṣirò yẹn ti parí kí ọpọlọ tó gbọ́ pé ìṣó wà nílẹ̀.

Ti orúnkún wá yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ rò pé iṣan ojíṣẹ́ ni òòlù ń lù, rárá o. Okùn líle tó so egungun orúnkún mọ́ ojúgun ló ń lù. Bó ṣe lù ú, ẹran itan nà díẹ̀. Fọ́nrán tó ń ṣọ́ ẹran náà ròyìn rẹ̀ fún okùn ẹ̀yìn, kò sì sí alárinà kankan níbí: tààrà ló fà á lé fọ́nrán àṣẹ lọ́wọ́, itan sún kì, ẹsẹ̀ ta. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Ohun kan náà ló ń gbé yín ró nígbà tí ẹ bá wà lórí ìdúró tí orúnkún fẹ́ yẹ̀. Wilhelm Erb àti Carl Westphal, dókítà méjì ní Jámánì, kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní ọdún 1875, a sì ń lò ó títí di ìsinsìnyí.

Kí ló lè mú kó má ta? Lọ́pọ̀ ìgbà, aláìsàn ló ran ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ láìmọ̀, pàápàá ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, tàbí kí òòlù ṣìnà díẹ̀. Ernő Jendrassik, dókítà ọmọ ilẹ̀ Hungary, fi ọgbọ́n kan sílẹ̀ fún wa: kí aláìsàn fi ìka ọwọ́ méjèèjì kọ́ ara wọn, kó máa fà wọ́n síta gidigidi, kí òòlù sì balẹ̀ lákòókò yẹn gan-an. Ọ̀pọ̀ orúnkún tó dà bíi pé ó ti kú ló ń ta fìrì báyìí. Ní tèmi, kò yẹ kí dókítà kọ “kò ta” sínú ìwé láìṣe èyí.

Iṣan ojíṣẹ́ tó bá ti bàjẹ́ gan-an sábà máa ń ní àmì mìíràn: ẹran itan á máa rù, orúnkún á máa yẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, awọ á kú tipiri tàbí kó máa gún ni bí abẹ́rẹ́. Àtọ̀gbẹ àti àìtó fítámì B12 wà lára ohun tó ń fà á ní ẹsẹ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni kò ta, tí ẹ̀yìn sì ń dùn, a máa ń fura pé nǹkan ń tẹ gbòǹgbò iṣan lẹ́yìn níbẹ̀. Àmọ́ bí àárín itan méjèèjì, lápá ojú ara àti ìdí, bá kú tipiri, tí ìtọ̀ kò wá tàbí tí kò ṣeé dá dúró mọ́, tàbí tí àìlera bá ń gòkè láti àtẹ́lẹsẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an ni o, ẹ má sùn lé e.

Bí ẹ kò bá ní èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí, ẹ padà lọ bá dókítà yín láìkánjú. Ẹ sọ fún un pé kó tún orúnkún lù nígbà tí ẹ bá fi ìka kọ́ ìka, kó sì lu ẹ̀yìn gìgísẹ̀ pẹ̀lú, torí àwọn iṣan tó gùn jù lọ ni àtọ̀gbẹ máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́, gìgísẹ̀ sì sábà máa ń dákẹ́ ṣáájú orúnkún. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín wò. Bí orúnkún bá ta lọ́jọ́ náà, ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sínú ìwé kan náà tó kọ tàkọ́kọ́ sí.