Igbó tíìkì tó ti kún: ẹ má dáná sun ún o

Ẹ̀gbọ́n tó ń bèèrè bóyá kí wọ́n dáná sun igbó tíìkì tí bàbá wọn fi sílẹ̀ lọ́nà Ọ̀ṣú, pé ewéko tí wọ́n ń pè ní Akíntọ́lá àti ìtàkùn ẹlẹ́gùn-ún ti bò ó mọ́lẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dákun, ẹ má dán an wò. Èmi ti ṣe é rí. Tèmi ò ju pulọ́ọ̀tì mẹ́rin lọ, lẹ́yìn Iléṣà níbí, oṣù kejì ni mo ṣáná sí i, mo ní iná kékeré ni, àfi bí atẹ́gùn ṣe gbé e, kí n tó sáré bu omi ó ti wọ oko kòkó ẹni ẹlẹ́ni. Bàbá olóko ọ̀hún lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà mi bí òṣómàáló títí mo fi sanwó tán, ká má tíì sọ ti àwọn tíìkì kéékèèké tó bá a lọ. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ báyìí, ta ló kọ́kọ́ yọ? Akíntọ́lá. Wọn ò ṣàdédé sọ ọ́ ní Akíntọ́lá-takú.

Àdá nìkan náà ò ràn án, ẹ gé ọ̀kan, mẹ́ta á rú níbẹ̀. Ìdí ẹ̀ lẹ máa wá. Ẹ gé e kù bí orúnkún kẹ́ ẹ lè rí nǹkan dì mú, tí òjò bá ti rọ ilẹ̀, ẹ fi ọkọ́ gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ẹ ó rí kókó kan níbi tí igi ẹ̀ ti pàdé gbòǹgbò, ibẹ̀ gan-an ló ti ń hù. Ẹ hú u jáde, ẹ dojú gbòǹgbò ẹ̀ kọ oòrùn, torí tẹ́ ẹ bá kàn sọ ọ́ sílẹ̀ nígbà òjò á tún mú. Kó tó tanná ni o, èso ẹ̀ fúyẹ́ bí òwú, ọyẹ́ ló ń gbé e kiri.

Ìtàkùn ẹlẹ́gùn-ún yẹn ní tiẹ̀, ẹ má fà á látòkè. Ẹ̀gún ẹ̀ kọ́ sẹ́yìn bí ìwọ̀ ẹja, bẹ́ ẹ ṣe ń fà lá máa wọlé, àpá ẹ̀ ṣì wà lápá mi. Ẹ gé e nísàlẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ bí ọ̀sẹ̀ méjì kó gbẹ lórí igi, kẹ́ ẹ tó fi ọ̀pá oníkọ̀ọ́ fà á lulẹ̀. Ìbọ̀wọ́ awọ táwọn wẹ́dà ń wọ̀ ni kẹ́ ẹ rà, ọjà Àtàkúnmọ́sà ni mo ti rí tèmi. Kẹ́ ẹ sì wòkè dáadáa kẹ́ ẹ tó wọlé, wèrèpè tó ti gbẹ ò mọ ọ̀gá.

Oògùn apakoríko? Tó bá ta sí ewé tíìkì kékeré, ó parí. Mi ò lò ó.

Ọdún kejì, iṣẹ́ ọjọ́ méjì péré ló kù, torí ibòji tíìkì ti ń pàdé lókè, Akíntọ́lá ò sì fẹ́ràn ibòji.

Ẹ̀rín kan wà níbẹ̀ ṣá. Lọ́jọ́ tá a ń hú u, àdá já mọ́ bàbá tó ń bá mi ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ó gé e lójúgun, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn. Ewé Akíntọ́lá náà ló já, ó rún un lọ́wọ́, ó fún omi ẹ̀ sójú egbò, kò pẹ́ tẹ́jẹ̀ fi dá. Mo wá fi ìdí kan sílẹ̀ lẹ́bàá ahéré, mò ń rẹ́ orí ẹ̀ ní gbogbo ìgbà kó má baà tanná.