Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Níbo ni ọjà tó fara pamọ́ wà nínú Borderlands 2?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin ń ṣe géèmù ìbọn Borderlands 2 pa pọ̀ lórí PS4 kan ṣoṣo nílé wa ní Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́. Ti inú àkójọ géèmù The Handsome Collection ni. A ti dé ìpele 18, ìlú Sanctuary sì ti gbéra lọ sójú ọ̀run. Ṣùgbọ́n dọ́là ọwọ́ wa kò ju 20,000 lọ, Eridium wa, ìyẹn owó kejì nínú géèmù náà, jẹ́ méjìlá péré, ìbọn wa kò sì pa ọ̀tá mọ́. Àwọn ojúgbà wa ní ọjà rẹpẹtẹ ló fara pamọ́ sínú géèmù yẹn. Níbo ni ká ti wá a? Àti pé iná máa ń lọ lójijì ládùúgbò wa. Nígbà tí a bá padà, ohun tí a kó ti dàwátì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là wá lọ́yẹ̀.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìbéèrè. Owó ni ká kọ́kọ́ gbé kúrò nílẹ̀, torí òun ló ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn tó jọ ń ṣe géèmù yìí. Dọ́là àti Eridium tí ẹnì kan bá he, ti gbogbo ẹgbẹ́ ni. Bí àbúrò bá rìn kọjá lórí owó, iye kan náà ló wọ àpò ẹ̀gbọ́n. Ẹ má sáré sí i. Ìbọn, asà, bọ́ǹbù ọwọ́ àti relic (ohun tí a ń wọ̀ tó ń fi agbára kún ẹni) ni kò rí bẹ́ẹ̀: ẹni tó bá kọ́kọ́ mú un ló ni ín. Nítorí náà, kí ẹ tó ṣí àpótí kankan, ẹ ti fẹnu kò lórí irú ìbọn tí kálukú ń lò. Bí ẹ̀gbọ́n bá ń lo ìbọn gígùn (rifle) àti ìléwọ́ (pistol), kí àbúrò mú ṣakabùlà (shotgun) àti ìbọn oníyára (SMG). Ohun tó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò nílò rẹ̀, kí ó jù ú sílẹ̀ fún ìkejì. Ẹ yé fi ìbọn ta tẹ́tẹ́ nínú ìjà àdáṣe tí géèmù náà fàyè gbà. Ẹgbẹ́ tó ní ìbọn kan tó dára kò yẹ kó fi í sínú ewu láti tún gbà á lọ́wọ́ ara wọn.

Owó 20,000 ní ìpele 18 kò burú rárá, torí ìbọn tí ẹ̀rọ ìtajà ń tà kì í sábà dára tó èyí tó wà nínú àpótí ọ̀fẹ́. Ohun kan ṣoṣo ló yẹ kí ẹ máa yẹ̀ wò lójú ẹ̀rọ náà, ìyẹn ọjà tó dá wà, tí aago ń kà sẹ́yìn lára rẹ̀. Ìṣẹ́jú 20 ni wọ́n fi ń pààrọ̀ rẹ̀, ó sì máa ń dára ju àwọn ìyókù lọ. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ ta ti yín, ẹ wo iye tí wọ́n kọ sí i, ẹ má wo àwọ̀ rẹ̀ tó ń fi hàn bó ṣe ṣọ̀wọ́n tó. Relic aláwọ̀ ewé lè wọ́n ju ìbọn aláwọ̀ búlúù lọ, bẹ́ẹ̀ àyè kan náà ni wọ́n gbà nínú àpò. Bí ẹ ti ń rìn ni kí ẹ máa sàmì pàǹtírí sí èyí tí ẹ fẹ́ tà. Bí ẹ bá dé ibi ẹ̀rọ, ìgbà kan náà ni gbogbo wọn yóò lọ. Ibi tí owó yín ti ń jò ni ikú. Nígbàkígbà tí òpó New-U bá tún yín ṣẹ̀dá, ó ń yọ ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún owó ọwọ́ yín. Lórí 20,000, 1,400 nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójú ogun kan, ó ti lé ní 3,900. Tí ẹ bá ṣubú, ọ̀tá tó ti fara gbọta tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ dojú ìbọn kọ, torí bí ẹ bá pa ẹnì kan kí àkókò tó tán, ẹ máa dìde lọ́fẹ̀ẹ́. Bí kò bá sí ọ̀tá nítòsí, kí ìkejì wá gbé e dìde.

Ní ti ọjà tó fara pamọ́, ohun tó yẹ kí ojú yín mọ̀ ni iná kékeré aláwọ̀ ewé. Àpótí, séèfù, kọ́bọ́ọ̀dù irin àti àpótí lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí máa ń ní iná yìí lára, kódà ẹ̀rọ ìfọṣọ àti ilé ìgbẹ́. Bí ẹ bá wọ yàrá dúdú, ẹ dúró níbi ẹnu ọ̀nà, ẹ yí ojú káàkiri kí ẹ tó rìn. Iná ewé náà á yọ láti ẹ̀yìn agbada omi tàbí lábẹ́ àtẹ̀gùn. Ìgbẹ́ ẹranko tí wọ́n ń pè ní skag àti òkìtì tí àwọn bullymong, ìyẹn àwọn ẹranko tó dà bí ọ̀bọ, kó jọ kò ní iná, ṣùgbọ́n wọ́n ṣeé tú, owó sì wà nínú wọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń kọjá wọn nítorí pé wọ́n dà bí ẹ̀gbin.

Àpótí pupa ńlá ni ẹ ń wá gan-an, torí ibẹ̀ ni ìbọn tó dára pọ̀ sí. Máàpù kì í fi í hàn. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ya àwọn ibùdó ọlọ́ṣà nínú géèmù yìí á mọ pé ọ̀nà kì í kú lásán. Bí àkàbà bá wà tó lọ sórí òrùlé tí iṣẹ́ yín kò dé, ẹ gùn ún. Bí ọ̀nà tóóró bá yà lẹ́yìn ilé tó sì parí sí ògiri, ẹ lọ dé òpin rẹ̀. Bí ẹ bá rí pèpéle tí kò ní àtẹ̀gùn, ẹ wá òrùlé tó ga jù ú lọ, kí ẹ fò balẹ̀ sórí rẹ̀. Nínú ibùdó ńlá, àpótí pupa sábà máa ń wà lẹ́yìn ibi tí ọ̀gá wọn dúró sí, tàbí ní yàrá tí bọ́tìnì kan ń ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀. Àmì Vault (ilé ìṣúra tí gbogbo ènìyàn inú géèmù náà ń wá) tí wọ́n kùn sára ògiri náà wà níbẹ̀. Kò fún yín lówó, àmọ́ ó ń fi kún Badass Rank, ìyẹn máàkì tó ń fi agbára díẹ̀díẹ̀ kún yín, nítorí náà tí ẹ bá rí i, ẹ fọwọ́ kàn án.

Eridium méjìlá yẹn wá ńkọ́? Ọ̀dọ̀ oníṣòwò kan, Crazy Earl, ní Sanctuary ni ẹ ó ti ná an, lẹ́yìn ilẹ̀kùn irin rẹ̀. Ohun tí ẹ bá kọ́kọ́ rà ló máa pinnu bóyá ẹ ó lówó tàbí ẹ kò ní lówó. Àfikún àyè ló ń tà, ní ìpele-ìpele. Iye owó ìpele kọ̀ọ̀kan ni Eridium 4, 8, 12, 16, 20, ti ọjà kọ̀ọ̀kan sì dá dúró. Àpò ẹ̀yìn ni kí ẹ mú ṣáájú. Àyè 12 ni ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, ìpele kọ̀ọ̀kan sì ń fi 3 kún un. Pẹ̀lú Eridium 12 ti òní, ẹ lè ra ìpele kìíní àti ìkejì, àpò yín á sì di 18. Ẹni tó lọ sí Ọjà Ọba tó rí ọjà olówó pọ́ọ́kú ṣùgbọ́n tí kò gbé àpò dání, ṣé kò ní fi wọ́n sílẹ̀ ni? Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí yín nìyẹn: bí àpò bá kún ní ìdajì ibùdó, ẹ óò máa ju nǹkan tó yẹ kẹ́ ẹ tà nù. Lẹ́yìn àpò, ẹ ra àfikún àyè ọta irú ìbọn tí kálukú ń lò jù. Ẹ fi báńkì, ìyẹn àyè tí ẹ ń tọ́jú nǹkan sí, ṣe ìkẹyìn. Eridium tí ẹ bá he wọlé fún ẹ̀yin méjèèjì, àmọ́ kálukú ló ń ra àpò tirẹ̀; kí àbúrò yín náà lọ sọ́dọ̀ Earl fúnra rẹ̀.

Ọ̀nà tí àwọn ojúgbà yín fi ń kó ọjà lọ́pọ̀ yanturu ni èyí tí wọ́n ń pè ní save-quit. Bí ẹ bá jáde láti inú àkójọ àṣàyàn padà sí ojú ewé àkọ́kọ́, tí ẹ tún wọlé, gbogbo àpótí ti kún padà, àwọn ọ̀gá ọlọ́ṣà tó ṣeé pa léraléra náà ti jí. Ẹ̀yin á bẹ̀rẹ̀ láti òpó tó gbẹ̀yìn. Nítorí náà ibùdó tí òpó rẹ̀ sún mọ́ àpótí pupa ni kí ẹ yàn, kì í ṣe èyí tí ẹ ó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá rìn. Ohun tó bá wà nílẹ̀ nígbà tí ẹ jáde ti parun, kò sí ẹ̀rọ tó ń gbà á padà fún yín nínú apá kejì yìí. Ẹ ṣa ilẹ̀ mọ́ kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì.

Ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ iná ti wọlé. Géèmù yìí ń tọ́jú ara rẹ̀ nígbà tí ẹ bá kọjá òpó New-U, tí ẹ bá wọ àgbègbè mìíràn, tàbí tí ẹ bá jáde dáadáa. Ohun tí ẹ kó láàárín òpó kan sí òmíràn, orí afẹ́fẹ́ ló wà. Bí ẹ bá mú ìbọn tó dára, ẹ má tẹ̀ síwájú kẹ́ ẹ tó jáde kí ẹ sì wọlé padà. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ dúró kí àmì ìtọ́jú igun ojú tẹlifíṣọ̀n lọ tán, torí bí iná bá lọ lásìkò tó ń kọ ọ́, gbogbo àkọsílẹ̀ ẹni náà lè bàjẹ́. Bátìrì kékeré tó lè gbé PS4 àti tẹlifíṣọ̀n fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fún yín láti jáde. Ẹ kò nílò jẹnẹrétọ̀ fún ìyẹn. Ẹ tún wò ó dáadáa bóyá orúkọ tirẹ̀ ni àbúrò yín fi wọlé lórí PS4. Bó bá jẹ́ pé àlejò ló fi ń wọlé, PS4 ń pa gbogbo ohun àlejò rẹ́ nígbà tó bá jáde. Ó lè jẹ́ pé iná kọ́ ló ń gba ìbọn rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ padà lọ pa ọ̀bọ ńlá tí wọ́n ń pè ní Knuckle Dragger nítorí ìbọn Hornet. Òótọ́ ni pé ara rẹ̀ ni Hornet ti ń já. Ṣùgbọ́n ìbọn tó bá já sílẹ̀, ìpele ọ̀tá tó já lára rẹ̀ ló máa ń gbà, ọ̀gá àkọ́kọ́ nínú géèmù sì ni ọ̀bọ náà. Ìbọn ọmọdé ni ẹ ó mú bọ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ di True Vault Hunter Mode, ìyẹn ìgbà tí ẹ bá parí géèmù náà tí ẹ tún ń ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀tá kan tó ń jẹ́ Doc Mercy ní Three Horns Valley nìkan ni mo lè ní kẹ́ ẹ padà sí báyìí, nítorí ìléwọ́ Infinity rẹ̀ kì í jẹ ọta rárá; bí ìpele rẹ̀ tilẹ̀ rẹlẹ̀, ó máa ń gbani sílẹ̀ nígbà tí ọta tán. Ó lè gba ogún ìgbà kó tó já. Níwájú yín, nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ BNK3R, ọ̀gá ọ̀tá kan tó jẹ́ ẹ̀rọ, ẹ pa á léraléra: asà The Sham rẹ̀ ń gbé ọta ọ̀tá mì, ó sì ń sọ ọ́ di ọta tiyín.

Fún ìsinsìnyí, àgbègbè Caustic Caverns bá ìpele yín mu. Inú ihò tí Sanctuary fi sílẹ̀ nígbà tó gbéra ni ẹ ó gbà wọ ibẹ̀. Ẹ tẹ̀lé ojú irin àwọn awakùsà títí ẹ ó fi rí àwọn búlọ́ọ̀kù erùpẹ̀ onígun mẹ́rin tí kò jọ òkúta tó yí i ká. Ẹ fi ọwọ́ fọ́ wọn. Àwọn creeper inú Minecraft ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n máa ń bú gbàù bí wọ́n bá sún mọ́ yín, nítorí náà kí ẹnì kan máa yìnbọn láti òkèèrè, kí ìkejì máa ṣọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Tí ẹ bá rí séèfù Marcus, oníṣòwò ìbọn, nínú ihò yẹn, Moxxi, obìnrin tó ni ilé ọtí ní Sanctuary, ni kí ẹ fi fún. Ṣakabùlà Heart Breaker ló máa fi san án.

Àpótí wúrà tó wà ní Sanctuary kẹ́yìn. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń wá láti inú kóòdù SHiFT (ètò ẹ̀bùn orí íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn tó ṣe géèmù náà ní), lẹ́tà àti nọ́ńbà 25 tí wọ́n pín sí márùn-ún márùn-ún. Íntánẹ́ẹ̀tì fóònù fún ìṣẹ́jú díẹ̀ tó láti tẹ̀ ẹ́ wọlé. Àpótí yìí nìkan ló ń wo ìpele tiyín, kì í wo ti àgbègbè. Èyí ló fà á tí kò fi yẹ kí ẹ ná kọ́kọ́rọ́ mẹ́wàá lọ́jọ́ kan: ìbọn ìpele 18 á ti di àgbà nígbà tí ẹ bá dé 23. Ẹ lo ẹyọ kan báyìí, torí ẹ wí pé ìbọn yín kò pa ọ̀tá mọ́, kí ẹ sì tún lo òmíràn ní nǹkan bí ìpele márùn-ún sí i.