Ta Ni Yóò Kù Sílé Nígbà Tí Ọmọ Ogun Àjòjì Bá Padà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú. Aláṣọ àdìrẹ ni mí ní Ìtọ́kú, l'Abẹ́òkúta. Ní ọjọ́ ọjà tí ó kọjá, àwọn oníbàárà mi méjì ń jiyàn lórí ètò ààbò tí ó mẹ́hẹ lórílẹ̀-èdè yìí. Ọ̀kan ní kò sí ohun tí ó kù ju kí àwọn òyìnbó kó ọmọ ogun wọn wá, kí wọ́n bá wa pa àwọn agbésùmọ̀mí run láàárín oṣù mẹ́ta, kí wọ́n sì máa lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí ó ti Líbíà dé ní ọdún 2018, wà níbẹ̀ tí ó ń bá mi ká aṣọ. Bí ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ó ju aṣọ sílẹ̀, ó sì jáde láìsọ ohunkóhun. Láti ìgbà tí ó ti dé ni kì í ti í fẹ́ kí a dárúkọ Líbíà létí òun, bí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá sì dún gbàù, abẹ́ tábìlì ni a ó ti bá a. Kí ni ìrànlọ́wọ́ ọmọ ogun àjòjì máa ń ná àwọn ará ìlú tí wọ́n bá wá ràn lọ́wọ́? Kí sì ni kí n ṣe fún ọmọ yìí?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, ìyá wa. N kò lè bá oníbàárà yín bínú, nítorí pé ẹni tí wọ́n bá ti jí ará ilé rẹ̀ gbé rí yóò gba ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá nawọ́ sí i. Oṣù mẹ́ta tí ó dá yẹn ni ó bà mí lẹ́rù. Ẹni tí ó ti òkèèrè wá jagun lè dá ọjọ́ tí yóò padà sílé. Ará ìlú tí wọ́n jagun náà sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò ní ibòmíràn tí yóò padà sí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti Líbíà tí ọmọ yín ti bọ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 2011, Ìgbìmọ̀ Ààbò ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ìpinnu 1973, tí ó fún àwọn orílẹ̀-èdè láṣẹ láti lo agbára kí wọ́n lè dáàbò bo àwọn ará ìlú lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Gaddafi, olórí Líbíà nígbà náà. Orílẹ̀-èdè 10 ni ó dìbò pé bẹ́ẹ̀ ni, 5 kò sì dá sí i. Nàìjíríà wà lára àwọn 10 náà, bí ọ̀pọ̀ nínú wa tilẹ̀ ti gbàgbé. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì ni bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. NATO, ẹgbẹ́ ológun àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù àti Àríwá Amẹ́ríkà tí ó gba àkóso ogun òfurufú náà, kásẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ nílẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá, ọjọ́ 11 lẹ́yìn tí wọ́n pa Gaddafi ní ìlú Sirte. Kò pé oṣù mẹ́jọ, àwọn awakọ̀ òfurufú ti padà sọ́dọ̀ aya àti ọmọ wọn.

Ẹ wá wo abúlé kan tí ń jẹ́ Majer. Ní alẹ́ ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ ọdún náà, nínú oṣù Ààwẹ̀, bọ́ǹbù NATO já lu agbo ilé méjì níbẹ̀, àwọn tí ogun ti lé kúrò nílé tiwọn sì wà lára àwọn tí ó ń gbé ibẹ̀. Àwọn ènìyàn sáré jáde, wọ́n ń wá àwọn tí ògiri wó lù, ni bọ́ǹbù mìíràn bá tún já lé àwọn náà lórí. Human Rights Watch, àjọ tí ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn, tí ó lọ ṣèwádìí ọ̀rọ̀ náà, ka òkú 34. Nínú gbogbo ìkọlù NATO tí wọ́n yẹ̀ wò ní Líbíà, ará ìlú 72 ni wọ́n rí ẹ̀rí ikú wọn, 24 nínú wọn sì jẹ́ ọmọdé. Mo ti gbọ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń sọ pé iye yìí kéré fún ogun tí ó tó bẹ́ẹ̀. Èmi kò lè jókòó ti ìṣirò bẹ́ẹ̀, nítorí pé n kò mọ ìyá tí a ó sọ fún pé ọmọ tirẹ̀ wà lára àwọn díẹ̀.

Ní oṣù kan náà, àwọn ẹgbẹ́ ológun láti Misrata lé nǹkan bí 40,000 ènìyàn kúrò ní ìlú Tawergha, níbi tí ọ̀pọ̀ ará ìlú jẹ́ aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, wọ́n ní ẹ̀yìn Gaddafi ni wọ́n wà. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n ń ṣe bíríkìlà àti lébìrà jẹ́jẹ́ wọn di ẹni tí wọ́n ń mú nígboro pé ọmọ ogun àháyà ni wọ́n. Àṣẹ tí wọ́n fi gbé ọkọ̀ òfurufú dìde nítorí ará ìlú kò bo àwọn wọ̀nyí lórí. Ìbọn Gaddafi náà kò dúró sí Líbíà. Àwọn Tuareg, ẹ̀yà kan tí ń gbé aṣálẹ̀ Sàhárà, tí wọ́n ti bá a ṣe sójà gbé e gba aṣálẹ̀ wọ Mali, ogun bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2012, nígbà tí ó sì di ọdún 2013, àwọn sójà Faransé wọ Mali láti wá pa iná náà. Ọdún 2022 ni wọ́n tó kúrò. Iná náà kò tíì kú.

Ní ọdún 2016, Obama, tí ó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, sọ pé ó ṣeé ṣe kí àṣìṣe òun tí ó burú jù jẹ́ pé àwọn kò múra sílẹ̀ de ọjọ́ kejì ogun Líbíà. Inú ọjọ́ kejì yẹn ni ọmọ ẹ̀gbọ́n yín rìn wọ̀. Mo ti bá ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n dá padà sọ̀rọ̀ rí ní Láfẹ́nwá. Ó ṣí ìgbànú ṣòkòtò rẹ̀ hàn mí: ó ti fi òwú dúdú rán nọ́ńbà fóònù ìyá rẹ̀ sí inú rẹ̀, nọ́ńbà mọ́kànlá wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ó ní àwọn tí ó tì wọ́n mọ́lé ní Líbíà a máa gba fóònù, wọn a sì tún máa béèrè nọ́ńbà ilé, kí ìyá lè gbọ́ igbe ọmọ rẹ̀ kí ó tó san owó. Ẹni tí kò bá rántí nọ́ńbà kankan kò ní olùràpadà. Ó ti tó ọdún kan tí ó ti dé nígbà tí a pàdé, ó sì ṣì ń wọ ṣòkòtò náà.

Àwa Ẹ̀gbá kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1914, ìjọba Ẹ̀gbá ṣì dá dúró lábẹ́ àdéhùn tí ó bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọdún 1893. Inú ń bí àwọn ará Ìjẹmọ̀ nítorí iṣẹ́ ipá, àti nítorí àgbàlagbà wọn kan tí ó kú sí àtìmọ́lé. Nígbà tí apá ìjọba wa kò ká a, wọ́n ní kí ọmọ ogun òyìnbó wá bá àwọn pẹ̀tù sí i. Ní oṣù kẹjọ, àwọn ọmọ ogun náà yìnbọn lu èrò ní Ìjẹmọ̀, Olúwo Ìjẹmọ̀ sì wà lára àwọn tí ó kú. Kí oṣù kẹsàn-án tó parí, wọ́n ti fagi lé àdéhùn náà, òmìnira Ẹ̀gbá sì ti lọ. Iṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n pè wọ́n fún. Ọdún 1960 ni wọ́n tó lọ. Ogun Adùbí ti ọdún 1918, tí àwọn Ẹ̀gbá fi kọ owó orí àti iṣẹ́ ipá, ń bẹ láàárín, nígbà tí wọ́n kó àwọn sójà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojú ogun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà dé wá bá wa jà, ọmọ aláwọ̀ dúdú bíi tiwa sì ni wọ́n.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ ilé-ìwé gíga ni mí, Kútọ̀ ni mo ń gbé. Mo máa ń ka ohun tí ẹ ń kọ nípa ogun, sà, ṣùgbọ́n ṣé kí ayé kàn káwọ́ gbera nígbà tí wọ́n bá ń pa ènìyàn ni? Rwanda ńkọ́?

ÌDÁHÙN: Ìbéèrè rẹ tọ́, ọmọ mi, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀. Ní ọdún 1994, nǹkan bí 800,000 ènìyàn ni wọ́n pa ní Rwanda ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọjọ́, Ìgbìmọ̀ Ààbò tí mo dárúkọ lókè sì dín àwọn ọmọ ogun alálàáfíà tí ó wà níbẹ̀ kù ní oṣù kẹrin, nígbà tí ó yẹ kí wọ́n fi kún wọn. Ẹ̀ṣẹ̀ ni ìyẹn náà. Àwa fúnra wa ti ṣe àjòjì ológun rí: ní oṣù kẹjọ ọdún 1990, ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí ọmọ Nàìjíríà pọ̀ jù nínú rẹ̀, gúnlẹ̀ sí Monrovia, olú-ìlú Làìbéríà, níbi tí ogun abẹ́lé ti ń jà. Àwọn kan ń mí lónìí nítorí wọn, ọ̀pọ̀ ọmọ wa sì kú níbẹ̀. Síbẹ̀, àwọn sójà wa bí ọmọ sílẹ̀ níbẹ̀ tí wọn kò padà lọ wò, àwọn tí ogun náà lé kúrò nílé sì wá tẹ̀dó sí àgọ́ Orù ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ kó ọmọ ogun lọ gba ìlú kan là, ohun tí mo máa ń fẹ́ gbọ́ ni ta ni yóò ka òkú ará ìlú náà, àti ta ni yóò dúró títí wọn yóò fi tún rí ilé gbé.

Ìyá wa ní Ìtọ́kú, n kò gbàgbé ìbéèrè yín kejì. Ẹ̀rù tí ó ń sọ ọmọ yín sí abẹ́ tábìlì jẹ́ ọgbẹ́ tí ogun dá sí i lọ́kàn, ó sì ní ìtọ́jú. Ẹ kò ní lọ jìnnà: ilé ìwòsàn Arò, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ, wà nítòsí yín. Mo mọ̀ pé bí ènìyàn bá dárúkọ Arò, wèrè ni aráyé ń rò, ṣùgbọ́n ní ọdún 1954 ni Dókítà Lambo, oníṣègùn ọpọlọ ibẹ̀ nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tí ó yí i ká, tí wọ́n ń jẹun pẹ̀lú wọn, tí wọ́n sì ń lọ gba ìtọ́jú. Ẹ bá a lọ fúnra yín, kí ó má baà dá jókòó níbẹ̀. Bí ó bá kọ̀, ẹ má fi ipá mú un, ẹ má sì bi í léèrè ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ kí ó máa bá yín ká aṣọ, kí ẹ sì tún bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ kọ̀wé sí mi bí ẹ bá ti lọ.