Kíkà nípa ìwé ìtàn tuntun lóru àìsùn

Àbúrò, o ní bí oorun bá ti dá lójú rẹ lóru, ìròyìn nípa àwọn ìwé ìtàn àròsọ tuntun lo máa ń kà lórí fóònù títí ilẹ̀ á fi mọ́, o wá ń bèèrè bóyá kí o jáwọ́. Má jáwọ́. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú ni oorun ti di àlejò lójú mi, kíkà nípa ìwé ló sì bá mi ti ọ̀pọ̀ òru kọjá.

Ṣùgbọ́n ṣa ohun tí wàá kà. Níbi tí wọ́n bá ti ń jà lórí òǹkọ̀wé tí ẹ̀bùn tọ́ sí, ṣe ni oorun á túbọ̀ dá lójú rẹ. Èyí tó ṣe mí lóore jù ni kí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ sọ bí ìtàn náà ṣe wá sí i lọ́kàn, tàbí kí ẹni tó kà á fa gbólóhùn méjì yọ, kí n gbọ́ ohùn ìwé náà. Ìyìn tí wọ́n ń tẹ̀ sẹ́yìn ìwé kò wúlò fún mi rárá.

Orúkọ tí ẹ̀bùn Booker, ẹ̀bùn ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ìwé ìtàn àròsọ, kọ́kọ́ ń gbé jáde lọ́dọọdún ni kí o máa wò: ìwé 12 tàbí 13 ni, kí wọ́n tó ṣẹ́ ẹ kù sí 6. Ní 2023, *A Spell of Good Things* ti Ayọ̀bámi Adébáyọ̀ wà nínú àkọ́kọ́, kò sí nínú 6. Ká ní mo dúró de ẹni tó borí ni, n kì bá tí mọ Ẹniọlá inú ìwé yẹn, ọmọ olùkọ́ tí wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́, tí owó ilé-ìwé di ogun sí lọ́rùn. Ọmọ yẹn ṣì ń dùn mí. Ní ti ẹ̀bùn lítíréṣọ̀ Nàìjíríà (Nigeria Prize for Literature) tó jẹ́ 100,000 dọ́là, ọdọọdún ni ó ń yí kiri láàárín ìtàn àròsọ, ewì, eré-oníṣe àti ìwé ọmọdé; 2021 àti 2025 ló kan ìtàn àròsọ.

Má ra ìwé lóru o. Láago mẹ́ta òru, kò sí ìwé tí kì í wuni. Kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí o ka ojú ìwé àkọ́kọ́ lọ́sàn-án.

Dín iná fóònù kù, torí ó máa ń lé oorun. Bí nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú bá kọjá tí o ò sùn, dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, jókòó sórí àga ka ìròyìn ìwé rẹ, kí o padà nígbà tí oorun bá ń kùn ọ́. Bó bá sì ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, jọ̀ọ́, lọ rí dókítà. Èmi lọ. Wọn ò tilẹ̀ fún mi lóògùn. Aago kan náà ni wọ́n ní kí n máa jí lójoojúmọ́, ì báà jẹ́ Sátidé.