Kí ló dé tí wọ́n fi ń pe ewé yìí ní patanmọ́, ṣé lóòótọ́ ló sì ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró?

Itan ló wà nínú orúkọ yẹn: ewé tó ń pa itan mọ́. Ẹ fọwọ́ kan ṣóńṣó rẹ̀, ẹ ó rí i tí àwọn ewé wẹ́wẹ́ ń pàdé ní méjì-méjì títí dé ìdí, kí ọ̀pá ewé tó wá wó sílẹ̀. Omi inú kókó kékeré tó wà nídìí ewé ló sá kúrò lápá kan. Bí omi náà bá padà, láàárín bí ìṣẹ́jú 10 sí 30, ewé á tún là. Bí ilẹ̀ bá ṣú, kò dúró de ọwọ́ ẹnikẹ́ni kó tó pa dé.

Nítorí ìṣe yìí ni àwọn oníṣègùn ṣe ń mú un sí iṣẹ́ tí wọ́n bá fẹ́ fi pa nǹkan dé, bí ẹnu ọ̀tá. Orúkọ ló ń ṣiṣẹ́ nínú ọfọ̀, ẹ máa gbọ́ "pa" àti "mọ́" léraléra níbẹ̀.

Ti ọgbẹ́ yàtọ̀ pátápátá: ọgbẹ́ kékeré ni wọ́n ń fi ewé náà dá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dúró. Bí ọ̀bẹ bá gé èèyàn díẹ̀, ẹ̀kúnwọ́ kan ewé tútù tó. Ẹ rẹ́ ewé kúrò lára igi, nítorí ẹ̀gún. Ilẹ̀ ni patanmọ́ ń rá sí, eruku àti ìtọ̀ ewúrẹ́ kì í wọ́n lára rẹ̀, nítorí náà ẹ fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ fi omi gbígbóná fọ ọlọ, ẹ lọ ewé náà kúnná, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ kí ẹ tó fi lé e, kí ẹ sì fi aṣọ mímọ́ dì í. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe nìyí: wọ́n á já a lójú ọ̀nà, wọ́n á fi ọwọ́ ra á, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọgbẹ́ tòun ti iyẹ̀pẹ̀. Inú iyẹ̀pẹ̀ ni kòkòrò tẹ́tánọ́ọ̀sì ń gbé. Ọgbẹ́ tó jìn, aṣọ ni kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gírígírí, kí ẹ gbé ẹni náà lọ sílé ìwòsàn.

Àwọn kan ń se gbòǹgbò rẹ̀ mu fún ìgbẹ́ gbuuru àti jẹ̀díjẹ̀dí. Èmi kò ní fún aboyún tàbí ọmọdé: mimosine wà nínú rẹ̀, èròjà tó ń mú kí irun ẹranko re.

Ẹ má sì ṣi igi já. Mimosa pigra, tó ń hù létí odò, náà ń pa ewé dé, ṣùgbọ́n ó ga ju èèyàn lọ. Mimosa pudica ni patanmọ́: ó kúrú, òdòdó rẹ̀ rí roboto, ó sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú.