Ojú mi rí màbo ní Tọ́kì

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní ẹ fẹ́ mú màmá yín rìnrìn àjò ọlọ́jọ́ mẹ́jọ sí Tọ́kì láti London. Ọkọ̀ òfuurufú, hòtẹ́ẹ̀lì, bọ́ọ̀sì àti oúnjẹ àárọ̀, gbogbo ẹ̀ ò tó 300 pọ́ùn, ẹ wá ń bèèrè bóyá jìbìtì ni. Kì í ṣe jìbìtì. Èmi náà san irú ẹ̀, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́, a lọ lóṣù Kejì. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù tí wọ́n máa kó yín lọ bá ló ń bá yín san ìyókù, wọ́n sì máa gbà á padà lára yín.

Ọjọ́ kẹta, ní Kapadókíà, agbègbè olókùúta kan láàárín Tọ́kì, ó yẹ ká lọ wo àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n gbẹ́ sínú àpáta ní Göreme. Bọ́ọ̀sì kọ́kọ́ yà síbi tí wọ́n ti ń hun kápẹ́ẹ̀tì. Obìnrin kan jókòó nídìí òfì, ìka ẹ̀ ń yára bíi ti onídìrí. Mo gbádùn ìyẹn, ó rán mi létí àwọn aláṣọ òkè Ìṣẹ́yìn. Lẹ́yìn náà wọ́n kó wa sí yàrá ńlá kan, wọ́n gbé tíì wá, àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ sí í tú kápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì, títí a ò fi rí ilẹ̀ mọ́. Wọ́n wá pín wa láàárín ara wọn. Ẹni tó kan àwa ní èyí tí ò ju ẹní ìkírun lọ jẹ́ 900 yúrò. Mi ò tíì ná an rárá tó fi já a sí 600. Nígbà tó dé 350 tí mi ò tíì dáhùn, ojú ẹ̀ yí padà.

Wákàtí méjì gbáko nìyẹn. Göreme? Ogójì ìṣẹ́jú. Amọ̀nà wa mọ ìtàn ibẹ̀ bí ẹní mowó, àmọ́ nígbà tí bọ́ọ̀sì wa ò ra nǹkan kan, ó dákẹ́ bí ẹni omi wà lẹ́nu ẹ̀. Kọmíṣọ̀n ló fi ń jẹun, mi ò bá a wí.

Bàlúùnù ńlá tó ń gbé èèyàn fò lókè Kapadókíà, tẹ́ ẹ máa ń rí nínú fọ́tò, ọ̀tọ̀ lowó ẹ̀. A jí ní ìdájí, atẹ́gùn le, wọn ò gbà kó gbéra. Wọ́n dá owó wa padà, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn, àmọ́ ọjọ́ kan ṣoṣo tá a ní ti lọ nìyẹn. Ó kan Pamukkale, òkè funfun tí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ń ṣàn lórí ẹ̀, ó lé ní 600 kìlómítà nínú bọ́ọ̀sì. Ṣe ni wọ́n máa ń darí omi ibẹ̀ láti apá kan sí òmíì, torí náà ọ̀pọ̀ adágún tá a rí ti gbẹ. Ẹ sì gbọ́dọ̀ bọ́ bàtà kẹ́ ẹ tó gun òkè funfun náà. Nínú òtútù oṣù Kejì! Ìsàlẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi jókòó sí.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín: lẹ́yìn gbogbo ṣọ́ọ̀bù yẹn, ọjọ́ Àìkú ni wọ́n fún wa láyè láti lọ ra nǹkan fúnra wa ní Istanbul. Ọjà ńlá alórùlé ibẹ̀ kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú.

Tí orúnkún màmá bá ń dùn wọ́n, ẹ má san án. Ẹ mú wọn lọ sí Istanbul nìkan, ọjọ́ mẹ́rin, ẹ̀yin méjèèjì. Kẹ́ ẹ ní 25 yúrò lọ́wọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọ Hagia Sophia, mọ́ṣáláṣí ńlá àtijọ́ ibẹ̀, kẹ́ ẹ má sì lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án Jímọ̀, wọ́n ń kírun.